ÒKÈ WO NI Ó GA JÙLỌ? ÀYẸ̀WÒ ÀWỌN IBI GÍGA NÍ ÌPÍNLẸ̀ NÀÌJÍRÍÀ ÀTI BÍ A ṢE Ń SỌ̀RỌ̀ NÍPA WỌN NÍ ÈDÈ YORÙBÁ

1.0 ÌFÁÁRÀ

Ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn fún olùkọ́ láti bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì: "Òkè wo ni ó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ rẹ?" Ó jọ ìbéèrè tí ìdáhùn kan ṣoṣo wà fún, èyí tí a lè há sórí bí a ti ń há orúkọ olú-ìlú ìpínlẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n bí a bá dìde láti wá ìdáhùn náà fún ìpínlẹ̀ 36 tí ó wà ní Nàìjíríà, a óò rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó fara pamọ́ sínú ẹyọ kan yìí. Èkíní, kí ni a ń pè ní òkè? Èkejì, láti ibo ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn gíga rẹ̀? Ẹ̀kẹta, ta ni ó pa ààlà tí a fi ń sọ pé ìpínlẹ̀ báyìí ni ó ni ín?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn tí ó ń to orúkọ ibi gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọn nǹkan kan, àwọn Yorùbá tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa òkè sì ń wọn nǹkan mìíràn. Ìwọ̀n méjèèjì ni ó tọ̀nà ní àyè tirẹ̀. Àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá mú ìdáhùn ọ̀kan fún ìbéèrè èkejì. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti fẹ́ kí èdè Yorùbá jẹ́ èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ó yẹ kí a la ọ̀rọ̀ náà ní àlàyé kí ó tó di ohun tí a tẹ̀ sínú ìwé.

A pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́fà. A óò kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà "òkè" wò. Lẹ́yìn náà a óò wo bí a ṣe ń wọn gíga. A óò wá rìn yí ká àwọn ibi gíga ní Nàìjíríà, kí a tó wo ọ̀rọ̀ ààlà àti ọ̀rọ̀ ìtàn. Níkẹyìn a óò dá àbá lórí èdè-ìperí.

2.0 Ọ̀RỌ̀ NÁÀ "ÒKÈ"

Nínú èdè Yorùbá, "òkè" kì í ṣe orúkọ ilẹ̀ tí ó ga nìkan. Ó jẹ́ orúkọ ìhà kan pẹ̀lú. A ń sọ pé nǹkan wà lókè tàbí nísàlẹ̀. A ń sọ pé kí a gbé ẹrù sókè. Nítorí náà, ibikíbi tí a bá ti gbọ́ "òkè", "ìsàlẹ̀" kan wà nítòsí rẹ̀ tí a fi ń wò ó, ìbáà jẹ́ pé a dárúkọ ìsàlẹ̀ náà tàbí a kò dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Erékùṣù Èkó wà létí òkun, ilẹ̀ rẹ̀ sì rẹlẹ̀ gidigidi, síbẹ̀ a ní Òkè Arìn, a ní Òkè Pópó, a sì ní Òkè Sùnà níbẹ̀. Àlejò tí ó bá wá òkè tí yóò gùn ní àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá a tì. Àwọn ará Èkó kò purọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó wà, àwọn ibi tí ó yàtọ̀ sí i ni a ń pè ní òkè. Bákan náà ni àwọn ará etíkun ń pe ẹni tí ó ti ilẹ̀ inú lọ́hùn-ún wá ní "ará òkè", tí a sì ń pe aṣọ tí wọ́n ń hun wá láti ọ̀hún ní "aṣọ òkè". Òkè Ògùn jẹ́ orúkọ agbègbè tí a fi odò Ògùn júwe. Ní ti "òkè òkun", kò sí ẹni tí ó ń rò pé orí òkè gíga ni àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń gbé.

Nígbà tí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí ó ga gan-an, èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtó jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ní "àpáta" fún òkúta ńlá tí ó lalẹ̀ hù. A ní "ṣóńṣó orí òkè" fún ibi tí ó ga jù lórí rẹ̀. A ní "gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" fún ìhà tí ó dà sílẹ̀. A sì ní "àfonífojì" fún ilẹ̀ tí ó wà láàrin òkè méjì. Èyí fi hàn pé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé "òkè" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfiwéra. Ilẹ̀ tí ó yí ohun kan ká ni ó ń sọ ọ́ di òkè.

3.0 LÁTI IBO NI A TI Ń WỌN GÍGA?

Àwọn awọnlẹ̀ kò fi ilẹ̀ tí ó yí òkè ká ṣe ìpìlẹ̀ ìwọ̀n wọn. Ojú omi òkun ni wọ́n mú gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ ìpìlẹ̀ kan tí gbogbo ayé lè jùmọ̀ lò. Bí a bá gbọ́ pé òkè kan ga tó mítà 900, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ṣóńṣó rẹ̀ fi mítà 900 ju ojú òkun lọ, bí òkun náà tilẹ̀ jìnnà sí i ní ìrìn ọjọ́ púpọ̀.

Àǹfààní ìwọ̀n yìí pọ̀, nítorí pé ó jẹ́ kí a lè fi òkè ìlú kan wé ti ìlú mìíràn láìsí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò lè sọ fún wa: bí òkè náà ti rí lójú ẹni tí ó dúró ní ìdí rẹ̀. Àpáta Aṣọ́ ní Àbújá jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yé ni. Ṣóńṣó rẹ̀ wà ní mítà 936 láti ojú òkun, ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 400 ni ó fi yọ jáde lórí ilẹ̀ tí ó yí i ká. Mítà 400 yìí ni ojú ń rí. Èyí tí ó kù jẹ́ gíga ilẹ̀ Àbújá fúnra rẹ̀, tí ẹni tí ó ń gbé orí rẹ̀ kò sì mọ̀ lára pé òun ga.

Nítorí náà ìwọ̀n méjì ni ó wà. A óò pe ọ̀kan ní gíga láti ojú òkun, a óò sì pe èkejì ní gíga láti ìdí. Bí àwọn méjèèjì bá yàtọ̀ díẹ̀ síra wọn, kò sí ìṣòro. Ìṣòro wà níbi tí wọ́n bá ti takora. Apẹẹrẹ irú èyí wà nítòsí wa.

Ṣóńṣó Olúmọ ní Abẹ́òkúta wà ní mítà 137 láti ojú òkun. Ìlú Ìbàdàn, ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mítà 150 ní àwọn àfonífojì rẹ̀ títí dé nǹkan bí mítà 275 lórí àwọn òkè tí ó la àárín ìlú kọjá láti àríwá sí gúúsù. Bí a bá fi ojú òkun wọ̀n ọ́n, ẹni tí ó ń fọ aṣọ létí odò ní àfonífojì Ìbàdàn ga ju ẹni tí ó gun Olúmọ dé góńgó, tí ó ń wo gbogbo Abẹ́òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ fún Ẹ̀gbá kan láìsí àlàyé, yóò ní ẹ̀tọ́ láti bi wá pé irú ọgbọ́n wo nìyí.

4.0 BÍ ÀWỌN IBI GÍGA ṢE WÀ KÁÀKIRI

4.1 Ẹ̀bá ààlà Kamẹrúùnù

Ìhà ìlà-oòrùn, ní ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ni ilẹ̀ ti ga jùlọ. Chappal Waddi, tí àwọn kan ń pè ní Gangirwal, ni ó ga jùlọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gashaka ní Ìpínlẹ̀ Taraba, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 2,419 láti ojú òkun. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Gashaka Gumti ni ó yí i ká. Ní gúúsù rẹ̀ ni ilẹ̀ gíga Mambilla wà, tí ó ga tó nǹkan bí mítà 1,600, tí ojú ọjọ́ rẹ̀ sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí igi tíì fi ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Dimlang, tí àwọn Òyìnbó sọ ní Vogel, wà lára àwọn òkè Shebshi. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,042. Àwọn ìwé kan ti pè é rí ní òkè tí ó ga jùlọ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tí ó bá ń lo ìwé àtijọ́ ní láti ṣọ́ra. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, a óò kan ilẹ̀ gíga Obúdù ní Ìpínlẹ̀ Cross River, tí òun náà ga tó nǹkan bí mítà 1,600, tí a sì ti ń sin màlúù lórí rẹ̀ láti ọdún 1951.

4.2 Ilẹ̀ gíga Jọ́ọ̀sì

Ilẹ̀ gíga Jọ́ọ̀sì yàtọ̀ nítorí pé kì í ṣe òkè kan tí ó dá dúró. Ó jẹ́ ilẹ̀ fífẹ̀ tí a gbé sókè lódindi, tí orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlú Jọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wà ní ibi tí ó lé ní mítà 1,200, àwọn òkè Shere tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀ sì dé mítà 1,829. Omi tí ó ń ṣàn kúrò níbẹ̀ pín sí ọ̀nà púpọ̀: odò Kàdúná lọ bá odò Ọya, odò Gongola lọ bá odò Bẹ́núé, àwọn odò mìíràn sì gba ìhà àríwá lọ sí adágún Chad. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò rí i pé ibi gíga kì í ṣe ohun ìwòran lásán. Òun ni ó ń pín omi fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀.

4.3 Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Òkè Ìdànrè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ. Orósùn, tí ó ga jù láàrin àwọn òkè ibẹ̀, wà ní nǹkan bí mítà 900 láti ojú òkun, ó sì wà lára àwọn tí ó ga jùlọ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Olósùnta wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Òkè Àdó wà ní Àdó-Àwáyè, tí adágún omi kan sì wà lórí rẹ̀. Àwọn òkè olókùúta gbọọrọ wà ní ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Bí a bá fi èyí wé ti Jọ́ọ̀sì, a óò tún bá ìtakora tí a rí lókè yìí pàdé. Obìnrin tí ó ń ta ọ̀dùnkún ní ọjà Jọ́ọ̀sì jókòó sí ibi tí ó fi nǹkan bí mítà 300 ga ju ṣóńṣó Orósùn lọ. Síbẹ̀, ojú ọjà pẹrẹsẹ ni obìnrin náà jókòó sí. Ẹni tí ó bá gun Ìdànrè ní láti gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600, kí ó tó dé ibi tí àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè gbé.

4.4 Ohun tí ó mú wọn ga

Ìdí tí àwọn òkè wọ̀nyí fi rí bí wọ́n ti rí kò dọ́gba. Àwọn àpáta ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ òkúta líle tí ó ti inú ilẹ̀ jíjìn wá, púpọ̀ nínú wọn sì ti pé nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dì, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wà. Òjò àti oòrùn ni ó jẹ ilẹ̀ tí ó rọ̀ lórí wọn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí àgbàrá sì gbé e lọ. Èyí tí ó le ni ó kù. Nítorí náà, bí a bá sọ pé Olúmọ yọ sókè, ọ̀nà kan ni a gbà sọ ọ́. Bí a bá sọ pé ilẹ̀ tí ó yí i ká ni ó lọ sílẹ̀, òótọ́ ni.

Ní Jọ́ọ̀sì, òkúta mìíràn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti àwọn yìí ni ó gun àárín àwọn ti àtijọ́ jáde. Inú rẹ̀ ni tánganran tí a wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ti wá. Ní ẹ̀bá ààlà Kamẹrúùnù, iná abẹ́ ilẹ̀ kó ipa tirẹ̀, nítorí pé ìlà àwọn òkè oníná gba ibẹ̀ kọjá. Òkè Kamẹrúùnù tí ó wà lórí ìlà náà ṣì bú gbàmù ní ọdún 1999 àti ní ọdún 2000.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ bí Bayelsa, tí ẹrẹ̀ tí odò kó wá ni ó di ilẹ̀ wọn, a kò lè retí òkúta tí yóò yọrí. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ wọ̀nyí náà ní ibi gíga jùlọ, nítorí pé kò sí ilẹ̀ tí kò ní ibi tí ó ga ju ibòmíràn lọ. Ohun tí wọn kò ní ni òkè. Èyí nìkan tó láti fi hàn pé "ibi gíga jùlọ" àti "òkè tí ó ga jùlọ" kì í ṣe ohun kan náà.

5.0 ÀÀLÀ NI Ó Ń ṢÍ, ÒKÈ KÌ Í ṢÍ

Títí di ìsinsìnyí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìpínlẹ̀ jẹ́ ohun tí ó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a fi Chappal Waddi ṣe àpẹẹrẹ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, a gba ilẹ̀ Kamẹrúùnù lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, a sì pín in fún Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí ó kan Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà: apá àríwá rẹ̀ pẹ̀lú Àríwá Nàìjíríà, apá gúúsù rẹ̀ pẹ̀lú Ìlà-Oòrùn. Apá gúúsù yìí ni Òkè Kamẹrúùnù wà, tí ó ga ju mítà 4,000 lọ. A jẹ́ pé ní àsìkò náà, òkè tí ó ga jùlọ lábẹ́ ìṣàkóso tí a ń darí láti Èkó fi púpọ̀ ga ju èyí tí à ń kọ́ ọmọ ní orúkọ rẹ̀ lónìí.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960, a ya apá méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò láti yan ibi tí wọ́n fẹ́. Apá gúúsù yan Kamẹrúùnù. Ní apá àríwá, ènìyàn 146,296 yan Nàìjíríà, ènìyàn 97,659 sì yan Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ọdún 1961 ni apá àríwá náà wọ Nàìjíríà, Gashaka àti Mambilla sì wà nínú rẹ̀. Èyí ni pé ní ọjọ́ tí a gba òmìnira, tí a fa àsíá Nàìjíríà sókè, Chappal Waddi kò sí ní Nàìjíríà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìbò fi í fún wa.

Láti ìgbà náà, ó ti wà ní Agbègbè Àríwá. Ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn ní ọdún 1967 nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ 12 sílẹ̀. Ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Gongola ní ọdún 1976. Ó sì bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Taraba ní ọdún 1991. Láàrin ọgbọ̀n ọdún, òkè kan ṣoṣo tí kò kúrò lójú kan ti wà lábẹ́ orúkọ mẹ́rin.

Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wà tí ààlà gba òkè lọ́wọ́ wọn. Títí di ọdún 1976, Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé-Plateau ni ó ni ilẹ̀ gíga Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí a pín in sí méjì, Jọ́ọ̀sì bá Plateau lọ, Ìpínlẹ̀ Bẹ́núé sì ní láti wá ibi gíga jùlọ mìíràn fún ara rẹ̀. Títí di oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1987, àwọn ará Uyo lè sọ pé Obúdù wà ní ìpínlẹ̀ àwọn; nígbà tí a dá Akwa Ibom sílẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì dà sí ìhà òkun, wọn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni Ìdànrè àti Olúmọ pa pọ̀ títí di ọdún 1976. Nígbà tí a pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, Ìdànrè bá Oǹdó lọ, Olúmọ sì bá Ògùn. Olósùnta tí ó bá Ìdànrè lọ sí Oǹdó tún kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1996 nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀.

Àpáta Súmà jẹ́ àpẹẹrẹ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ẹnu-ọ̀nà Àbújá, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ sára owó náírà 100 ti ọdún 1999. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Niger ni ó wà, lẹ́bàá Madalla. Ojú ni ó fi í fún Àbújá. Ìwé ààlà kò fi í fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní Amẹ́ríkà, ibi gíga jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Connecticut kì í ṣe ṣóńṣó òkè kankan. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Frissell ni, ní mítà 725, níbi tí ìlà ààlà ti gé òkè náà. Ṣóńṣó rẹ̀, tí ó jẹ́ mítà 748, wà ní Massachusetts. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé ibi gíga jùlọ ní Connecticut yóò dúró sí ìhà òkè náà, yóò sì tún máa wo òkè. Ìlà tí awọnlẹ̀ fà ni ó sọ ibẹ̀ di ibi gíga jùlọ.

6.0 ÒKÈ TÍ Ó GA ÀTI ÒKÈ TÍ Ó GBANI

Bí a bá tọ ìtàn lọ, a óò rí i pé àwọn baba wa kò fi mítà yan òkè. Ohun tí òkè ṣe fún wọn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ogun tú àwọn Ẹ̀gbá ká, abẹ́ Olúmọ ni wọ́n sá sí. Wọ́n tẹ ìlú dó síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 lábẹ́ ìdarí Ṣódẹkẹ́, wọ́n sì fi òkúta náà sọ ìlú ní orúkọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey dojú kọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní ọdún 1864, wọn kò rí ìlú náà kó.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìbàdàn sọ fún wa pé orí òkè ni Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá sí nígbà tí a pa ìlú wọn run, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bọ Òkè'Bàdàn lọ́dọọdún. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè wọn fún ọ̀pọ̀ ìran, wọ́n kọ́ ààfin síbẹ̀, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1928. Nígbà Ogun Kírìjì, láti ọdún 1877 títí di ọdún 1893, àárín àwọn òkè ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun méjèèjì ti kojú ara wọn.

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, gíga láti ìdí ni ó wúlò. Ẹni tí ogun ń lé kò béèrè bí òun ti ga tó láti ojú òkun. Ohun tí ó ń wá ni ibi tí yóò ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, àti ihò àpáta tí ọmọdé àti arúgbó lè sá wọ̀. Mítà díẹ̀ tí Olúmọ fi yọ lórí Abẹ́òkúta tó fún iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó ga tó mítà 1,200, ṣùgbọ́n tí ẹṣin lè sáré lórí rẹ̀, kò lè ṣe é. Àwọn àgbà sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Àwọn òkè tí a pè lórí ní ilẹ̀ wa gba orúkọ náà nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe.

7.0 ÀBÁ LÓRÍ ÈDÈ-ÌPERÍ

Ẹnìkan lè sọ pé àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo èyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1970, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, a ti rí i pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kò lè ju ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ ọ lọ. Bí ìwé bá béèrè pé "òkè wo ni ó ga jùlọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn", ọmọ Abẹ́òkúta yóò kọ Olúmọ, a óò sì fún un ní òdo. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé èyí tí ojú òun rí kì í ṣe òótọ́. Bí olùkọ́ bá sì fún un ní máàkì, ohun tí ó kọ́ ni pé ìwọ̀n kò já mọ́ nǹkan. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni kò dára.

Àbá tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni wọ̀nyí:

(i) Kí a máa lo "ibi gíga jùlọ" fún ibi tí ó ga ju gbogbo ibòmíràn lọ láàrin ààlà kan, ìbáà jẹ́ òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Gíga láti ojú òkun ni a óò fi máa wọ̀n ọ́n.

(ii) Kí a fi "òkè" sílẹ̀ fún ohun tí ó yọ lórí ilẹ̀ tí ó yí i ká, kí a sì máa kọ ìwọ̀n méjèèjì sí iwájú orúkọ rẹ̀: gíga láti ojú òkun àti gíga láti ìdí. A ronú lórí "ìyọrí" fún ìwọ̀n kejì yìí, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ "ìyọrísí" jù, ó sì lè da ọmọ rú. "Gíga láti ìdí" ṣe àlàyé ara rẹ̀.

(iii) Kí a máa kọ ọdún tí a pa ààlà sí iwájú orúkọ ìpínlẹ̀ nínú irú àkójọ yìí, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ̀ pé àkójọ ọdún 1975 kò lè bá ti ọdún 1997 mu, bí òkè kankan kò tilẹ̀ yí padà.

(iv) Kí a má ṣe fi ipò kan nínú àkójọ gíga ṣe òṣùwọ̀n ọlá òkè. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni ó ni ọ̀rọ̀ ohun tí òkè ṣe fún ènìyàn, ibẹ̀ ni kí a sì ti kọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ àti ọdún.

Bí a bá tẹ̀lé àbá wọ̀nyí, ìbéèrè tí ó tọ́ fún ọmọ Abẹ́òkúta yóò di méjì: "Òkè wo ni ó yọrí jùlọ ní ìlú rẹ, kí ni ó sì ṣe fún ìlú náà?" àti "Níbo ni ilẹ̀ ti ga jùlọ láti ojú òkun ní Ìpínlẹ̀ Ògùn?" Yóò lè fi ojú àti ìtàn dáhùn èkíní, yóò sì fi máàpù dáhùn èkejì.

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ibi gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ kan jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta: ọwọ́ òjò àti iná abẹ́ ilẹ̀ tí ó gbẹ́ òkè, ọwọ́ awọnlẹ̀ tí ó wọ̀n ọ́n láti ojú òkun, àti ọwọ́ ìjọba tí ó fa ààlà yí i ká. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó máa ń yí padà jù. A sì ti fi hàn pé "òkè" nínú èdè Yorùbá ń wọn ohun mìíràn tí kò sí nínú iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyíinì ni àjọṣe ibi gíga pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbé ìdí rẹ̀.

Kò sí ìdí tí a fi ní láti yan ọ̀kan kí a sì sọ èkejì nù. Chappal Waddi ni ó ga jùlọ ní Nàìjíríà. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì mọ bí ó ṣe di tiwa ní ọdún 1961. Olúmọ rẹlẹ̀ ju àfonífojì Ìbàdàn lọ. Ó yẹ kí wọ́n mọ èyí pẹ̀lú, láìtijú. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì ni ó lè dúró lórí àpáta náà, kí ó mọ iye mítà tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, kí ó sì mọ ìdí tí a fi sọ ìlú tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.